Ọmọ Ayò Tí N Kò Dá Padà

Nígbà tí a sin ọ̀rẹ́ mi tán ní Èrúwà lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n dìde, kí n sọ bí èmi àti ìyá òun ṣe di ọ̀rẹ́. Mo dìde. Mo ní, "Ilé ìwòsàn la ti pàdé, ní Ìgbó-Ọrà." Mo bá jókòó. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹkún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà rìn wá bá mi, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, màmá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kó tó kú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ láìkọ ọ́, ta ló tún máa mọ̀ ọ́n?" Òun náà ni ọmọ ọwọ́ tí ẹ máa bá pàdé níwájú.

Ojú mi ti ṣe bàìbàì, ìwé mẹ́fà sì ni mo kà, nítorí náà ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, kó fojú fò ó. Ṣùgbọ́n orí mi ṣì pé. Bí mo bá jókòó síwájú ilé báyìí, mo lè pe orúkọ gbogbo àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn, láti ẹni tó kọ́kọ́ dé títí kan ẹni tó fara ti ilẹ̀kùn, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí wọn. N kò ní kọ ọ̀kan nínú wọn síbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Dókítà tó kọ́ wa ti mú wa jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí a bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, a kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde sójú ọ̀nà. Dókítà ti kú tipẹ́. Ẹ̀jẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Ìgbálẹ̀ ni mo gbé wọ ibẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ọkọ mi ń ránṣọ, èmi ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láàárọ̀, kí àwọn aláìsàn tó dé, tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí àwọn adìyẹ ara àdúgbò á ti dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń wò mí bóyá mo máa gbá nǹkan sí wọn.

Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń ti Ìbàdàn wá. Wọ́n á lò tó oṣù kan tàbí méjì lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń rí nílé àwọn tó ni ín. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ẹni tó dé lọ́jọ́ Ajé tí kò lè fi làfún kan ẹnu, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, òun lá máa béèrè pé ṣé ìlasa ṣì kù nínú ìkòkò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọ agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n máa kọ iye àwọn tó ń gbé níbẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá ọ̀kan nínú wọn gbé àpótí. A wọ ilé kan, obìnrin kan ń lọ ata. Ọmọ yunifásítì kí i dáadáa, ó wá mú bírò jáde.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "A dúpẹ́."

"Mo ní ọmọ mélòó, màmá."

"Ọlọ́run ṣeun fún wa."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀, a jáde. Mo bi í pé kí ló kọ. Ó ní, "Mo kọ òdo. Kò dáhùn." Ọmọ obìnrin náà mẹ́rin ló ń sáré yí wa ká nígbà náà, ìkarùn-ún ń fi eyín bù mí jẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, mo ní láti gbé àpótí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Dókítà, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó ní, "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo sọ fún un pé a kì í bi ìyá ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí ó bi í pé, ta lẹ kọ́kọ́ bí? Ta ló tẹ̀ lé e? Ta ló wá gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìyẹn? Á dárúkọ wọn kan lẹ́yìn kan, inú rẹ̀ á máa dùn. Níbi tí àlàfo bá ti pọ̀ láàárín ọmọ méjì, kí ó má ṣe bi í pé ta ló kú níbẹ̀. Kí ó ní, "Ṣé ẹ sinmi díẹ̀ níbẹ̀ ni?" Òun fúnra rẹ̀ ló máa wolẹ̀, tá á ní, "Ẹnì kan yà síbẹ̀, kò dúró."

Dókítà ní kí n máa lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo bá ẹlòmíràn tó mú ìgbálẹ̀ mi lọ́wọ́, wọ́n sì fún mi ní tábìlì kékeré kan, ìgò yíǹkì kan, àti àwọn káàdì tí mo máa máa kọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, tí èrò bá ti dínkù, Dókítà á pe àwa òṣìṣẹ́ mẹ́ta sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń ya ìdílé sórí ìwé: àmì róbótó fún obìnrin, onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, ìlà kan láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya wá sọ́dọ̀ ọmọ. Ó jẹ́ kí n fojú sí ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi. Ẹ̀jẹ̀ tí mo mọ̀ ní pupa lásán, mo rí i tó kún fún nǹkan róbótó róbótó bí àkàrà inú agbada. Ó wá yí ẹ̀jẹ̀ mìíràn síbẹ̀, mo rí àwọn kan láàárín wọn tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Mo kígbe. Ó ní, "Òun nìyẹn."

Gbogbo wa la ti mọ àìsàn náà láti kékeré, a kàn ò mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ni. Àwọn kan ń pè é ní àrọmọléegun. Àwọn mìíràn á ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ọmọ tó ń ké oró lónìí bí ẹni tí kò ní rí ọ̀la, tó bá di ọ̀la ẹ máa bá a níbi tó ti ń ṣeré. Àwọn kan kò tilẹ̀ wá orúkọ fún un, wọ́n á ní àbíkú ni ọmọ, wọ́n á fi abẹ dá a lára. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Bàbá lè ní ọ̀kan tó dára àti ọ̀kan tó tẹ̀, kí ara rẹ̀ sì le koko. Bákan náà ni ìyá. Bí ọmọ bá wá gba èyí tó tẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, àìsàn dé. Ó mú igbá kékeré méjì, ó fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú ìkọ̀ọ̀kan, pupa ni èyí tó tẹ̀. Á dijú, á mú ọ̀kan láti inú igbá bàbá, ọ̀kan láti inú igbá ìyá, á fi hàn wá, á dá wọn padà sínú igbá, á mì í, á tún mú. Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí. Ó ní tí a bá pín in sọ́nà mẹ́rin, ọ̀kan ló máa jẹ́ ti àìsàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, wọ́n ní kí n máa lọ bá àwọn tí wọ́n bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn nílé, kí n ṣàlàyé fún wọn, kí n gbọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọmọ ọmọ mi sọ fún mi pé wọ́n ń gboyè iṣẹ́ náà ní yunifásítì òkè òkun báyìí. Nígbà tiwa, kò lórúkọ. Àwọn ará ìlú ló fún èmi lórúkọ: Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn. Mo máa gùn ún lọ sí Ìdèrè láàárọ̀, lọ́jọ́ mìíràn mo máa gùn ún dé Ayétẹ̀, eruku pupa á bo ìrun ojú mi. Lásìkò tí bàrà bá ń jẹrà lóko kí wọ́n tó fọ ègúsí rẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba ojú ọ̀nà kan, àlejò á di imú. Èmi kì í di imú. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, orí kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń rí ara mi, mo ṣì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àwọn obìnrin ń ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀, ẹ rọra o, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tiyín ta sílẹ̀ fún wa!"

Igbá méjì Dókítà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó gùn jù. Obìnrin tó fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò kò ráyè wo ẹ̀wà tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo wá ronú ohun tó máa yá. Bàbá mi jẹ́ ọ̀ta ayò, ẹni tó máa ń na àwọn ọ̀pẹ̀ tí kò mọ ayò ta, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kọ́ obìnrin. Mo tọrọ ọmọ ayò mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ọ̀kan bọ aró, mo da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú igbá kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mo ní kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó mú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá ti mú, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ayò, ohun tí a bá ti jẹ ti kúrò lójú ọpọ́n, ta ni í dá a padà? Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lóye rẹ̀. Dókítà rí i pé ọ̀rọ̀ ń yé àwọn èèyàn, ó yìn mí. Kò bi mí bí mo ṣe ń ṣe é.

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ọ̀nà, tí gbogbo wa ń retí pé wọ́n máa kọlu ara wọn ní oríta, ni mo mọ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Èrúwà ni, ó fẹ́ bíríkìlà kan ní Ìgbó-Ọrà. Ó mú àkọ́bí rẹ̀ wá, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n yẹ̀ẹ́. A yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, a yẹ ti ìyá, a yẹ ti bàbá. Àwọn òbí méjèèjì ló ní ọ̀kan tó tẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Arúgbó tó ń dáko ègúsí ni, ẹnu rẹ̀ mú.

"Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀, o káàbọ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa lo tún wá mu?"

Mo kúnlẹ̀. "Rárá o, Ìyá. Mo ti yó láti ilé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé kí n tún bí òmíràn, àbí kí n dúró bẹ́ẹ̀?"

Mo mú igbá mi jáde. Mo ní kí ìyá ọkọ rẹ̀ wá mú un. Ó mú àkọ́kọ́, kò láró, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mú aláró jáde, ó gbé e sókè fún gbogbo ilé.

"Òun rèé! Èyí tó kù ńkọ́?"

"Kò sí aláró nínú wọn mọ́, Ìyá."

"A ti jẹ ẹ́ kúrò nínú ayò nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni mo wí. Ẹnu èmi náà ló ti jáde. Mo wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo tọ́ka sí ọmọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tiyín ti jáde. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí n kò fi ọdún kan jù ú lọ. Ó bu ègúsí kún abọ́ kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún mi. Èmi àti ọkọ mi jẹ ègúsí yẹn. Ó dùn.

Ó lóyún. Ó bí obìnrin. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ, mo sì gbé ọmọ náà jó. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́jọ, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ wú bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò tíì gbọ́ nígbà náà. Bí mo ṣe gbọ́ ni pé ọ̀rẹ́ mi yọ sí mi nídìí tábìlì mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrù wà lórí rẹ̀. Ó ń lọ sí gáréèjì, ó ń lọ sí Èrúwà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Kò sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n ti kó ẹrù mi síta. Màmá ní ẹ fi hàn òun lójú òun pé aláró kan ló wà nínú igbá ọmọ òun. Òun fọwọ́ ara òun yọ ọ́. Ó ní èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, inú igbá ọkùnrin wo ló ti wá?"

Mo dìde láti bá a sọ ẹrù kalẹ̀, ó yẹra.

"Èmi kò mọ ọkùnrin mìíràn. Ọlọ́run gbọ́. Ẹ sọ fún mi, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ purọ́ ni, àbí èmi?"

"Kí ni ọkọ yín sọ?"

"Ó jókòó. Ó ń wolẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pe ẹbí jọ láti sọ pé kí n má padà wá." Ó tún ẹrù orí rẹ̀ gbé dáadáa. "Bí n kò bá padà wá, ọmọ yìí kò ní bàbá nìyẹn."

Ó lọ. Mo sáré wọlé tọ Dókítà. Mo sọ fún un. Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é han òun. Mo da ọmọ ayò sínú igbá, mo mú ọ̀kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò dá a padà?"

"Sà?"

"Lábẹ́ máńgòrò, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ rí i tí mo ń dá ẹ̀wà padà sínú igbá? Kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

"Mo rò pé ẹ kò fẹ́ kí ẹ̀wà dànù sílẹ̀ ni, sà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ó fa àga fún mi. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ara bàbá àti ìyá kì í tán bí ayò. Ohun tó wà nínú wọn nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí, òun náà ló ṣì wà nínú wọn nígbà tí wọ́n bí èyí tó tẹ̀ lé e. Oyún kọ̀ọ̀kan, igbá kíkún ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀. Obìnrin lè bí mẹ́rin kí ọ̀kankan má ní in. Ó lè bí méjì kí méjèèjì ní in. Mo gbọ́ ọ.

"Ilé mélòó lẹ ti ṣe é fún bẹ́ẹ̀?"

Mo pe orúkọ ilé mọ́kàndínlógún fún un láìmí, pẹ̀lú orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, àti orúkọ ọmọ. Ó ń kọ ọ́. Ó ní a máa padà sí gbogbo wọn. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa bá yín lọ sílé àwọn bíríkìlà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má lọ. Bí wọ́n bá rí yín, wọ́n á yọ fìlà, wọ́n á ní ó dáa. Tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ẹnu èmi ni wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́."

N kò sọ fún ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́rin ti jókòó sórí àpótí, bíríkìlà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ìyá rẹ̀ wà láàárín wọn. Bó ṣe rí igbá lọ́wọ́ mi, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó! Àǹtí Ẹlẹ́jẹ̀, ayò wo lo tún gbé wá?"

Mo kúnlẹ̀, n kò dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ohun tí Dókítà kọ́ mi kọ́ ni mo kọ́ yín. Mo yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, n kò mọ̀ pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ìyàwó yín kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni ẹ bínú sí."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ṣé iṣẹ́ ìjọba lo wá ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀pẹ̀ ni ẹ́!"

"Ọ̀pẹ̀ ni mí, Bàbá."

Mo da ọmọ ayò mẹ́rin sínú igbá, mo gbé e síwájú ìyá ọkọ. Mo ní kó mú ọ̀kan, kó wò ó, kó sì dá a padà, nítorí ara ọmọ rẹ̀ kò yí padà láàárín oyún kan sí èkejì. Ó mú un, kò láró. Ó dá a padà. Ó tún mú un, kò láró. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò láró. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rò pé ó máa ju igbá lù mí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ru, ó ń mú un kíákíá bí ẹni tó fẹ́ borí ẹnì kan. Aláró jáde. Ó wò ó, ó sọ ọ́ padà sínú igbá, ó mì í, ó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́. Aláró kan náà ni. Ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò dá a padà.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀bá ògiri. "Màmá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò. Ó wà nínú tèmi. Mo sọ fún yín nígbà yẹn, ẹ ní kí n panu mọ́."

"Kí ló dé tí o kò tún sọ ọ́?"

"Ẹ ní kí n panu mọ́."

Àwọn bàbá wo ara wọn. Ẹni tó dàgbà jù ní kò sí ìpàdé mọ́, kí kálukú máa lọ sóko, kí bíríkìlà lọ wọ ọkọ̀ Èrúwà. Ìyá rẹ̀ dìde. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ọmọ ayò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi àti Dókítà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti padà sí ilé mọ́kàndínlógún náà, láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀. Níbi mélòó kan, wọ́n ti lóyún lórí ọ̀rọ̀ mi. Obìnrin kan tú ẹkún sí mi lára, òmíràn bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ pé kí n máa lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Dá-a-Padà, orúkọ náà sì mọ́ mi lára títí mo fi fẹ̀yìn tì. Dókítà kò lé mi. Igbá méjì ni mo ń lò láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní òun kò ráyè, mo máa dúró títí á fi ráyè.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sílé ọkọ nígbà náà, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè lọ síbẹ̀. Ọjọ́ àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kan báyìí, bẹ́ǹṣì kún, mo ń kọ káàdì, n kò gbójú sókè. Mo gbọ́ tí ẹnì kan jókòó síwájú mi tó ń mí hẹlẹ. Ìyá ọkọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ náà wá, láti òdìkejì ìlú, nínú oòrùn. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọmọkùnrin lọ́wọ́ mú. Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì gbójú kúrò.

"Bá mi kọ káàdì fún ọmọ yìí," ni ìyá ọkọ wí.

Mo mú káàdì tuntun. Mo kọ orúkọ ọmọ. Mo kọ ti ìyá. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bàbá, mo dúró. Mo mọ orúkọ náà dáadáa, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

"Bi mí," ló wí.

"Ìyá, kí ni orúkọ bàbá rẹ̀?"

Ó yí padà sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, tòun ti oríkì. Ó pe ti bàbá rẹ̀, ó pe ti bàbá bàbá rẹ̀, ó pe orúkọ agbo ilé àti àdúgbò, ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i. Mo ń kọ ọ́ bó ṣe ń pè é. Ojú ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún bàbá lórí káàdì yẹn, ó kún kíákíá. Mo yí i sí ẹ̀yìn, mo tún ti gègé bọ yíǹkì, mo ní, "Mò ń gbọ́, Ìyá," mo sì ń kọ ọ́ lọ.